Ìdíje Tó Sún Mọ́lé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọmọbìnrin Tó Fẹ́ Fi Tẹ́níìsì Ṣiṣẹ́ Jẹun

Ẹ bá mi yí rédíò yín sókè díẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ tòní kan ọmọ yín obìnrin.

Ọ̀rọ̀ tẹ́níìsì ni mo gbé wá. Èyí tí àwọn ọ̀gá máa ń gbá láàárọ̀ Sátidé kí ara wọn lè le, ó dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mò ń sọ. Ọmọbìnrin tó fẹ́ fi tẹ́níìsì ṣiṣẹ́ ajé ni mò ń sọ, ọmọ tó fẹ́ máa ti ìlú kan bọ́ sí ìkejì, tó fẹ́ fi rákẹ́ẹ̀tì bọ́ ara rẹ̀, kó sì fi tọ́jú àwọn òbí tó bí i. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò tíì sí obìnrin kan tó ń gbá fún Nàìjíríà tó wọ àárín ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ lágbàáyé. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti wo àwọn ọmọ wa rí níbi ìdíje àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ pé ẹ̀bùn ò wọ́n wa. Wọ́n ní ẹsẹ̀, wọ́n ní ọwọ́, wọ́n ní ọkàn. Kí ló wá ń dá wọn dúró?

Èrò tèmi rèé, òun náà ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò títí a ó fi parí. Ìdíje ló ń sọ ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ìdíje tó sún mọ́lé, tó ń wáyé lọ́dọọdún tí kì í yẹ̀, tí àjọ àgbáyé sì mọ̀ sí. Ibi tí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ sí, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń gòkè. Ibi tí kò bá sí, ẹ̀bùn á kàn máa ṣòfò ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ òbí ló rò pé bí ọmọ bá ti mọ tẹ́níìsì gbá, ẹgbẹ́ kan á gbà á, wọ́n á máa san owó oṣù fún un, bí wọ́n ṣe ń san án fún àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal àti Chelsea. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó ń gbá tẹ́níìsì kò ní ọ̀gá, kò sì ní owó oṣù. Òun ló ń san owó ọkọ̀ òfurufú, òun ló ń san owó ilé ìtura, òun náà ló ń san owó kóòṣì àti owó okùn rákẹ́ẹ̀tì tó ń já lójoojúmọ́. Bí kò bá rí onígbọ̀wọ́, èyí tó bá gbà lórí pápá nìkan ló máa mú lọ sílé.

Àjọ tẹ́níìsì àgbáyé, ìyẹn ITF, ló ń bójú tó àwọn ìdíje tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kéré jù fún àwọn obìnrin ni wọ́n ń pè ní W15. Owó tí gbogbo àwọn tó bá wá síbẹ̀ máa pín jẹ́ 15,000 dọ́là. Ẹni tó bá gbégbá orókè máa mú nǹkan bíi 2,000 dọ́là àti díẹ̀ lọ sílé. Ẹni tó bá fìdí-rẹmi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tirẹ̀ kò tó 200 dọ́là. Ẹ rò ó wò. Ọmọ ti gba físà, ó ti wọ ọkọ̀ òfurufú níbí ní Ìkẹjà, ó ti sùn sílé ìtura, ó ti jẹun, ó ti san owó ọkọ̀ láti ilé ìtura dé pápá. Owó tí wọ́n kà lé e lọ́wọ́ lè má ra oúnjẹ tó jẹ lọ́sẹ̀ yẹn.

Ohun tó ń wá gan-an ju owó lọ. Àmì ló ń wá. Ní W15, ẹni tó gbégbá orókè ń gba àmì 15, ẹni tó ṣe ìkejì ń gba 10, àwọn tó dúró ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá ń gba 6, àwọn mẹ́rin tó ṣáájú wọn kúrò ń gba 3, ẹni tó bá sì yege lẹ́ẹ̀kan péré ń gba ẹyọ kan. Kí orúkọ ọmọ tó lè wọ inú ìwé ipò àwọn obìnrin lágbàáyé, èyí tí WTA, àjọ tẹ́níìsì àwọn obìnrin, ń gbé jáde, ó gbọ́dọ̀ ti gba àmì ní ìdíje mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí kó ní ó kéré tán àmì 10. Àmì yẹn náà kì í ṣe tayérayé. Bí ọ̀sẹ̀ 52 bá pé, ó bọ́ nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ lọ gba òmíràn dípò rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa já wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó ṣàìsàn fún oṣù mẹ́fà, tàbí tí owó tán mọ́ lọ́wọ́ fún ọdún kan, fi máa ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ẹ wá wo òkè téńté. Obìnrin 128 ló ń wọ ìdíje ńlá bíi Wimbledon. Nínú wọn, 104 ló jẹ́ pé ipò wọn lágbàáyé ló mú wọn wọlé tààrà. Lọ́dún 2025, ẹni tó fìdí-rẹmi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní Wimbledon gba 66,000 pọ́n-ùn. Ẹni tó pàdánù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn o! Tẹ́níìsì kan náà ni, pápá kan náà ni, òógùn kan náà ni. Òkè ni owó wà, ìsàlẹ̀ ni ìnáwó wà, ọ̀nà tó sì wà láàrin méjèèjì lè gba ọdún mẹ́wàá. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ta ni yóò gbé ọmọ náà la ọdún mẹ́wàá yẹn já?

Kí n tó dáhùn, mo fẹ́ kí ẹ wo bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú agolo, irun ara rẹ̀ gùn, ó sì dì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ le. Irun yẹn ló ń jẹ́ kí okùn rákẹ́ẹ̀tì di bọ́ọ̀lù mú kó lè yí nígbà tó bá ń lọ. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kó ta sókè bó bá balẹ̀. Ní Wimbledon, bí wọ́n bá gbá géèmù 7 àkọ́kọ́ tán, wọ́n á kó bọ́ọ̀lù náà kúrò, wọ́n á kó tuntun wá. Lẹ́yìn ìyẹn, géèmù 9-9 ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí ọmọ tálákà fi ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Èyí tí àwọn ọ̀gá ti gbá fún ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó jù ú sílẹ̀ ni. Irun ara rẹ̀ ti re, ó ti pá, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti jò. Ó ń yọ̀ lára okùn, kì í sì í ta dé ibi tó yẹ. Ọmọ á fi irú rẹ̀ gbára dì fún oṣù mẹ́jọ, á wá dé òkè-òkun, bọ́ọ̀lù tuntun á máa ta dé èjìká rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa pẹ́ dé ibẹ̀. Àwọn tó ń wòran á ní ọmọ yìí kò mọ̀ ọ́n gbá. Ó mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀lù tó mọ̀ ni wọn ò gbé wá síbẹ̀.

Àwa ará Ìkẹjà sì mọ rọ́bà dáadáa. Ọ̀pọ̀ bàbá tó ń gbọ́ mi báyìí ti ṣiṣẹ́ rí ní iléeṣẹ́ Dunlop ní Ọ̀nà Ọba Akran, kí wọ́n tó dáwọ́ síṣe táyà dúró lọ́dún 2008. Orúkọ Dunlop yẹn kan náà ló wà lára bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ní Australian Open láti ọdún 2019. Ibi tí wọ́n ti ṣe táyà fún ọkọ̀ Nàìjíríà fún ogójì ọdún ó lé, kò yẹ kí ọmọ ibẹ̀ máa fi bọ́ọ̀lù tó pá kọ́ tẹ́níìsì.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọmọ tiwa. Oyinlomo Barakat Quadre ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 2003 ni wọ́n bí i. Láti kékeré ni gbogbo ẹni tó mọ tẹ́níìsì ní Nàìjíríà ti mọ̀ pé ọmọ náà yàtọ̀. Nígbà náà, àjọ ITF àti ti ilẹ̀ Áfíríkà ní ibùdó kan ní Casablanca ní Mòrókò, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n gbá jọ, tí wọ́n ń kọ́ wọn, tí wọ́n sì ń rán wọn lọ sí ìdíje. Ibẹ̀ ni Oyinlomo lọ, nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé. Ó gbá ìdíje àwọn ọ̀dọ́ kiri ilẹ̀ Áfíríkà, ó gbá fún Nàìjíríà, nígbà tó sì yá, ó wọ yunifásítì Florida International ní Miami, ó kàwé níbẹ̀, ó sì gbá fún iléèwé náà.

Ẹ kíyè sí ọ̀nà tó tọ̀. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn sọ́dọ̀ ìyá wọn, òun wà ní Mòrókò. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwé mẹ́wàá jáde, òun ń múra láti lọ sí Amẹ́ríkà. Mo yìn ín, mo sì yìn àwọn òbí rẹ̀, torí kì í ṣe ọkàn kékeré ni òbí fi ń jọ̀wọ́ ọmọbìnrin fún irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mélòó ló máa rí irú àyè yẹn? Ibùdó kan ṣoṣo kò lè gba gbogbo ọmọ Áfíríkà. Fún ẹnì kan tí ibùdó náà gbà, ẹgbẹ̀rún kan lè wà nílé tí wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà.

Ọ̀nà yunifásítì Amẹ́ríkà yẹn náà kò burú o. Angella Okutoyi, ọmọ Kẹ́ńyà tí ìyá ìyá rẹ̀ tọ́ dàgbà ní Nairobi, gba ife-ẹ̀yẹ eléèyàn méjì-méjì àwọn ọmọbìnrin ní Wimbledon lọ́dún 2022, òun àti Rose Marie Nijkamp ọmọ ilẹ̀ Netherlands. Òun ni ọmọ Kẹ́ńyà àkọ́kọ́ tó gba irú ife-ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wọ yunifásítì Auburn. Nígbà tí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà sì wáyé ní Accra lóṣù kẹta ọdún 2024, òun ló gba wúrà. Iléèwé ń bọ́ ọmọ, ó ń fún un ní kóòṣì, ó ń fún un ní bọ́ọ̀lù tuntun, bí tẹ́níìsì bá sì kọ̀, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, irú ọ̀nà yẹn náà ni Nduka Odizor ọmọ Nàìjíríà tọ̀. Ó ń ṣa bọ́ọ̀lù fún àwọn tó ń gbá tẹ́níìsì l'Ékòó kí olùkọ́ kan láti Amẹ́ríkà, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Èkó, tó ràn án lọ́wọ́ lọ sí Houston. Ọdún 1983, ó na Guillermo Vilas, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá tẹ́níìsì àgbáyé, ní Wimbledon, ó sì dé ìpele kẹrin. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kò lè gbé ètò rẹ̀ ka orí oríire pé àlejò kan máa rí ọmọ kan.

Ẹ wo ohun tí àwọn ará àríwá Áfíríkà ṣe. Ní Monastir, ìlú etíkun kan ní Tùnísíà, ìdíje W15 máa ń wáyé lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, lórí pápá kan náà, fún apá tó pọ̀ jù nínú ọdún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Sharm El Sheikh ní Íjíbítì. Àwọn ọmọbìnrin láti Rọ́ṣíà, láti Faransé, láti Ṣáínà ń wọ ọkọ̀ òfurufú wá sí Áfíríkà wá gba àmì. Ọmọ Tùnísíà ńkọ́? Ọkọ̀ ilẹ̀ ló ń wọ̀ lọ síbẹ̀. Bó bá pàdánù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ilé ìyá rẹ̀ ló máa sùn, á sì tún gbìyànjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀: orílẹ̀-èdè tó bá gbàlejò ìdíje ní ẹ̀tọ́ láti fi díẹ̀ nínú àwọn ọmọ tirẹ̀ sínú rẹ̀ láìwo ipò wọn. Ọmọ tí ilẹ̀kùn ibòmíràn tì mọ́, ilẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀ fún un.

Ẹ ti gbọ́ orúkọ Ons Jabeur. Ọmọ Tùnísíà ni, ọdún 1994 ni wọ́n bí i. Ọdún 2011 ló gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́ ní French Open. Gbogbo ayé ní ọmọ yìí ti dé nìyẹn. Ǹjẹ́ ẹ mọ ìgbà tó gba ife-ẹ̀yẹ WTA àkọ́kọ́ rẹ̀ láàrin àwọn àgbà? Oṣù kẹfà ọdún 2021, ní Birmingham. Ọdún mẹ́wàá gbáko! Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó dé àṣekágbá Wimbledon àti ti US Open, ó sì wà ní ipò kejì lágbàáyé, ibi tí ọmọ Áfíríkà kan kò tíì dé rí láàrin àwọn obìnrin láti ìgbà tí WTA ti ń to ipò. Ọdún mẹ́wàá yẹn ni mo fẹ́ kí gbogbo òbí àti gbogbo onígbọ̀wọ́ fi sọ́kàn. Ọmọ tó gba ife ní ọdún 16, ọdún 26 ni èrè rẹ̀ tó jáde. Ẹni tó bá fún ọmọ lówó ọdún kan, tó wá ń bi í pé àbọ̀ dà, ẹni náà kò tíì mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí.

Ẹnìkan lè sọ pé Tùnísíà lówó jù wá lọ, pé ọ̀rọ̀ tẹ́níìsì ti àwọn olówó ni. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká wá sílé, ká wo tẹ́níìsì orí tábìlì, torí a kò lè sọ pé a kò rí i ṣe níbẹ̀.

Funke Oshonaike, ọmọ Èkó, Ṣómólú ló ti dàgbà. Ìdíje Olímpíìkì 7 ni obìnrin yìí lọ: Atlanta lọ́dún 1996, Sydney lọ́dún 2000, Athens lọ́dún 2004, Beijing lọ́dún 2008, London lọ́dún 2012, Rio lọ́dún 2016, àti ti Tokyo tí wọ́n ṣe lọ́dún 2021. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó ṣe irú rẹ̀. Ní Rio, òun ló gbé àsíá Nàìjíríà wọ pápá. Ó gba wúrà eléèyàn kan ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Algiers lọ́dún 2007. Ó lọ sí Yúróòpù, ó ń gbá fún àwọn ẹgbẹ́ níbẹ̀, ó fi Hamburg ní Jámánì ṣe ibùgbé, ó bímọ, ó sì ń padà sórí tábìlì. Ọdún 25 ló wà láàrin Olímpíìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkeje. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ jẹ́ fún obìnrin, kó lọ wo ìgbésí ayé Funke.

Kí ló mú kí tẹ́níìsì orí tábìlì bí irú rẹ̀? Tábìlì wà ládùúgbò, ìyẹn jẹ́ ìkan. Àwọn ẹgbẹ́ wà ní Yúróòpù tó ń san owó fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá, ìyẹn jẹ́ ìkejì. Ẹ̀kẹta rèé, òun ni mo sì fẹ́ tẹnu mọ́: ìdíje wà nílé. Olóyè Molade Okoya-Thomas, Aṣojú Ọba Èkó, bẹ̀rẹ̀ ìdíje Asoju Oba Cup lọ́dún 1968. Ìjọba ológun dé, ó lọ. Alágbádá dé, ó lọ. Náírà gòkè, náírà já. Ìdíje náà ń wáyé. Ogójì ọdún ó lé ni bàbá náà fi dúró tì í, kí ó tó jáde láyé lọ́dún 2015. Lónìí, gbọ̀ngàn tẹ́níìsì orí tábìlì tó wà ní pápá ìṣeré Teslim Balogun ní Sùrùlérè ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọ̀gá tẹ́níìsì orí tábìlì láti gbogbo àgbáyé ń wá gbá l'Ékòó. Ẹnìkan ṣoṣo, ìdíje kan ṣoṣo, lọ́dọọdún. Ẹ̀yin ẹ wo ohun tó bí.

Àwọn obìnrin tó sọ tẹ́níìsì di iṣẹ́ ajé lágbàáyé náà, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1970, owó tí wọ́n ń fún ọkùnrin ju ti obìnrin lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ní Houston, lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn obìnrin mẹ́sàn-án, Billie Jean King wà lára wọn, buwọ́ lu àdéhùn dọ́là kan péré pẹ̀lú Gladys Heldman, obìnrin tó ṣètò rẹ̀, kí wọ́n lè ní ìdíje tiwọn. Iléeṣẹ́ sìgá kan ló gbé owó sílẹ̀. Èmi kò polówó sìgá fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé iléeṣẹ́ ló gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn, tó sì dúró tì wọ́n lọ́dọọdún. Lọ́dún 1973, WTA dìde. Ọdún yẹn kan náà ni US Open bẹ̀rẹ̀ sí fún ọkùnrin àti obìnrin ní iye kan náà. Wimbledon kò gbà àfi lọ́dún 2007. Kò sí èyí tó já bọ́ láti ọ̀run nínú gbogbo rẹ̀.

Èkó pàápàá ti gbàlejò ńlá rí. Lóṣù kejì ọdún 1976, Arthur Ashe àti àwọn ọ̀gá tẹ́níìsì mìíràn wá gbá ìdíje àgbáyé ní Oníkan. Ìgbà tí wọ́n wà níbí ni àwọn ṣọ́jà kan pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed, olórí ìjọba nígbà náà, lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù náà. Ìdíje dúró. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, àwọn ṣọ́jà ya wọ pápá pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́ nígbà tí Ashe ń bá Jeff Borowiak gbá a lọ́wọ́, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn túká. Caracas ní Fẹnẹsúẹ́là ni wọ́n ti lọ parí rẹ̀. Lọ́dún 2000, ìdíje Governor's Cup gbé tẹ́níìsì àgbáyé padà sí Oníkan, tọkùnrin tobìnrin. Venus àti Serena Williams náà wá sí Oníkan lọ́dún 2012, wọ́n gbá fún wa wò, Venus ló sì borí. Ọjọ́ ńlá ni. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló rí wọn lójúkojú. Síbẹ̀, ìwòran ni. Àmì kan ṣoṣo kò sí lórí rẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà kankan. Ìdíje tó máa ń padà wá lọ́dọọdún, kódà bí kò bá sí gbajúmọ̀ kankan níbẹ̀, òun ló ń gbé ọmọ ga.

Nítorí náà, mo ń kọjú sí Ìkẹjà báyìí. Láti ìgbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n ti ya ilẹ̀ wa sọ́tọ̀ fún iléeṣẹ́. Guinness ti wà níbí láti ọdún 1962. Àwọn tó ń ṣe oúnjẹ wà níbí, àwọn tó ń ṣe oògùn wà níbí, àwọn tó ń ṣe ike àti bébà náà wà. Pápá tẹ́níìsì wà nínú àwọn kọ́lọ́ọ̀bù wa, Lagos Country Club wà lára wọn. Pápákọ̀ òfurufú wà lẹ́nu ọ̀nà wa: ọmọ Gánà, ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ọmọ Tógò tó bá ń bọ̀ wá gbá ìdíje níbí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni láti ibi tó ti sọ̀ kalẹ̀ dé pápá. Kí ló kù?

Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fún ọmọ kan ní ṣẹ́ẹ̀kì ńlá lẹ́ẹ̀kan kí ẹ ya fọ́tò kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹ para pọ̀, iléeṣẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ gbé ìdíje W15 kan kalẹ̀ fún àwọn obìnrin ní Ìkẹjà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí òjò má bàa dí i lọ́wọ́. Ẹ fọwọ́ sí ìwé pé ọdún mẹ́wàá ni, bí ti Jabeur ṣe gba ọdún mẹ́wàá. Owó tí wọ́n máa pín lọ́sẹ̀ kan kò ju 15,000 dọ́là lọ. Ìnáwó mìíràn wà lóòótọ́, ti rẹfirí, ti bọ́ọ̀lù, ti dókítà. Ṣùgbọ́n bí márùn-ún bá pín in, kò ní wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ̀yin aláṣẹ kọ́lọ́ọ̀bù, pápá yín máa ń ṣófo láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀. Nígbà ìsinmi iléèwé, ẹ ṣí i fún àwọn ọmọbìnrin Agége àti Ìkẹjà. Kí bọ́ọ̀lù tó máa kàn wọ́n jẹ́ èyí tó ṣì ní irun lára. Ìjọba ìbílẹ̀ wa náà, ibi tí ẹ bá ti ń kọ́ pápá bọ́ọ̀lù, ẹ fi ojú pápá tẹ́níìsì kan sí i. Kọnkéré tó tẹ́jú, àwọ̀n àárín, àti ògiri kan tí ọmọ lè máa gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tiyín. Ẹ má ṣe mú ọmọ kúrò níléèwé nítorí tẹ́níìsì. Òfin àgbáyé kò jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 gbá ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, láti 14 títí di 18 sì rèé, iye tó lè gbá lọ́dún kan níwọ̀n. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ má bàa pa ọmọdé lára. Torí náà, kò sí ìkánjú. Ìwé tó ń kà yẹn náà ló máa ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì fún un bí àkókò bá tó. Bí kóòṣì bá sì fẹ́ mú ọmọbìnrin yín rìnrìn-àjò, ẹ béèrè pé ta ni obìnrin tó ń bá wọn lọ, ibo ni wọ́n máa sùn, ta ni ẹ lè pè lóru. Kóòṣì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Èyí tó bá bínú, ẹ gba ọmọ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má sì sọ fún ọmọbìnrin pé eré ọkùnrin ni, tàbí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á le, tàbí pé ta ni yóò fẹ́ ẹ. Funke fẹ́ ọkọ, ó bímọ, ó sì lọ sí Olímpíìkì méje. Iṣẹ́ tó lérè ni, tó sì gbé orúkọ ìdílé ga. Ohun tó ń dun èmi ni ọmọ tó ní gbogbo ẹ̀bùn tí Ọlọ́run lè fún èèyàn, tó wá dé ọdún 18, tó gbé rákẹ́ẹ̀tì kọ́ nítorí pé ìdíje tó sún mọ́ ọn kò tó nǹkan. Ìyẹn la lè tún ṣe. Ó wà níkàáwọ́ wa, níbí, ní Ìkẹjà.

Bí ẹ bá mọ ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọ̀gá iléeṣẹ́ kan lágbègbè yìí, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ nírọ̀lẹ́ yìí fún un lọ́la. Bí ẹ bá wà nínú ìgbìmọ̀ kọ́lọ́ọ̀bù kan, ẹ gbé e síwájú ìpàdé yín tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin tí bọ́ọ̀lù kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ mú un lọ sí pápá lọ́jọ́ Sátidé, kí kóòṣì wò ó.